Òfin Tó Lé Bàbá Kúrò Nílé

Bàbá tó kọ́kọ́ gbà mí sílé ní ilẹ̀ yìí, èmi ni mo ṣòfin tó lé wọn kúrò nínú ilé ọ̀hún. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn akọni ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ará ilé ní Ìwó gbà pé ìtàn akọni ni. Lójú tiwọn, mo lọ tẹ̀dó síbi tí ẹnì kankan nínú wa kò tẹ̀dó sí rí, mo di aṣòfin, mo sì tún wọ aṣọ ológun. Òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tò ó pọ̀ ló ń di irọ́.

Padova, ní ilẹ̀ Italy, ni mo ti kàwé. Ìmọ̀ ilẹ̀ ni mo kọ́: ohun tó wà nínú ilẹ̀, bí omi ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìdí tí ilẹ̀ kan fi ń dúró tí òmíràn sì ń yọ̀. Títí bàbá mi fi jáde láyé, wọn kò gbà pé èèyàn lè wọ bàálù lọ sí ìlú òyìnbó nítorí kó lè kọ́ nípa yẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní yẹ̀pẹ̀ wà ní Ìwó. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́, mo ṣiṣẹ́ ní magazzino kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí a ti ń gbé páálí kúrò lórí bẹ́líìtì kan sórí òmíràn. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn bọ̀. Àwọn tí a jọ jáde ti wà ní Torino àti Milan, wọ́n ń wọ kóòtù. Torí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn alájàrà kan ní àwọn òkè ẹ̀bá Asti ń wá ẹni tó mọ ilẹ̀, mi ò béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí. Mo di ẹrù mi.

Mùsùlùmí ni mí, n kì í fẹnu kan ọtí. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá wọn bi mí bóyá èyí kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ní ilẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún, bí mo bá sì bá a dé orí èso, mo ti parí tèmi. Ohun tí àjàrà bá lọ dà lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ mi, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni. Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, ó ní kò burú. Títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ tọ́ wáìnì tuntun wò, èmi ni wọ́n máa ń kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbogbo wọn fún.

Ilé ni ìṣòro. Ní Asti, gbogbo ilé tí mo bá pè lórí fóònù ló máa ń ṣófo títí n ó fi dárúkọ ara mi. Bí mo bá ti dárúkọ báyìí, á ti ní ẹni tó gbà á. Ó dá mi lójú pé orúkọ mi ló ń bá àwọn onílé yẹn rí ayálégbé. Mi ò mọ ìdí tí wọn kò fi dúpẹ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló wá sọ fún mi nípa ìlú kékeré kan tó wà lókè, níbi tí ilé ti pọ̀ tí èèyàn kò sì sí.

Ìlú náà ti gbó. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pọ̀ ju ọmọdé rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Torino, àwọn àgbà tó kù sì ń jókòó ní piazza, gbàgede àárín ìlú, wọ́n ń wo ọ̀nà. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpótí mi, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi káàbọ̀ ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ wọ̀.

Ilé Bàbá ló kẹ́yìn ìlú, lábẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tí wọ́n ti ń gbin àjàrà sí rí. Ìyàwó wọn ti kú, wọn kò bímọ, wọ́n sì fẹ́ fi òkè ilé háyà. Wọ́n ti ṣe ológun rí nígbà èwe wọn, nínú àwọn tó máa ń gun orí òkè tí wọ́n sì ń fi ìyẹ́ sí fìlà. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọn ò béèrè ìwé, wọn ò béèrè ibi tí mo ti wá. Wọ́n ní, “Ṣé o máa ń hanrun?” Mo ní rárá. Kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì di aṣòfin nígbà náà.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń pè wọ́n ní Bàbá. Wọ́n bi mí ohun tó burú nínú orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n. Mo ní lọ́dọ̀ wa, a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní, “Báwo ni lẹ́tà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àgbà níbẹ̀?” Wọ́n sì gbà pé àwọn ti borí nínú àríyànjiyàn náà. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń la igi, bí a ṣe ń gé ẹ̀ka àjàrà, àti bí a ṣe ń dákẹ́ tí a bá ń jẹun. Ìyàwó mi wá bá mi, ó sì rí iṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kan nísàlẹ̀. Òkè ilé yẹn la ti bí àkọ́bí wa. Ilé ìdáná Bàbá la ti sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́mọ̀mù wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Torino, Bàbá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó wọn, wọ́n ń ṣe “Àmín” níbi tí kò yẹ. Nígbà tí a rí ilé rà ní piazza tí a kó jáde, Bàbá kò bá wa palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Lọ́jọ́ kejì, mo rí wọn tí wọ́n ń gbé àgbá.

Bí mo ṣe di aṣòfin kò ju báyìí lọ: mo máa ń lọ kí olóòkú. Ní Ìwó, bí ẹnì kan bá kú ládùúgbò tí o kò yọjú, wọ́n lè ní ìwọ lo pa á. N kò sì rí ìdí tí mo fi máa jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi ní Piemonte. Ẹni tó bá kú, mo máa dúró síta ṣọ́ọ̀ṣì títí wọn ó fi parí, n ó tẹ̀ lé wọn délé, n ó kí wọn kú ara fẹ́ra kù ní èdè tiwọn, n ó wá jókòó láìsọ nǹkan kan. Ìjókòó láìsọ̀rọ̀ yẹn ló ṣòro fún àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ sọ nǹkan, kí wọ́n sì máa lọ. Èmi á jókòó. Ìlú àgbà ni, òkú kì í wọ́n, kò sì pẹ́ tí kò fi sí ilé tí mi ò jókòó sí rí. Mi ò mọ̀ pé ìpolongo ìbò ni mò ń ṣe.

Nígbà tí ìdìbò dé, ẹni tó fẹ́ di sindaco, èyí tí í ṣe olórí ìlú, ń wá orúkọ tó máa fi dí àlàfo lórí ìwé rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra fún Repubblica tán, mo ti di ọmọ ilẹ̀, ó bá kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo opó ìlú ló dìbò fún mi. Ìbò mi ju ti apòògùn tó ti wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú láti ayé ọba kan. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ti tètè bẹ̀rẹ̀ ìpolongo. Mo ní àwọn òkú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ní Ìwó. Láti ọjọ́ náà, “Honourable” ni wọ́n ń pè mí lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní kí n bá àdúgbò wọn gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ. Màmá mi bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti fún ọ ní ọlọ́pàá tí yóò máa tẹ̀ lé ọ?” Mo ní, “Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà nílùú, Màámi. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ìlú kejì ló máa ń wà.” Wọ́n ní kí n má dààmú, Ọlọ́run á ṣe é.

Ti ológun náà ṣe rẹ́gí pẹ̀lú èyí. Bàbá ló dá ẹgbẹ́ àwọn volontari sílẹ̀ nílùú wa, lábẹ́ protezione civile: àwọn tó máa ń jáde tí òjò bá pọ̀ jù, tí igi bá wó dí ọ̀nà, tí odò bá fẹ́ wọlé àwọn èèyàn. Bàbá ni ọ̀gá wa. Wọ́n fi bàtà tiwọn wọ̀ mí ní ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ ẹgbẹ́, wọ́n ní bí mo bá ba bàtà náà jẹ́, kí n bá a lọ. Àwọn ọ̀tá tí mo ti bá jagun ni ẹrẹ̀, ewé tó dí gọ́tà, àti àwọn ìyá arúgbó tí kò ní jáde nílé bí wọn kò bá rí ológbò wọn. Mo ya fọ́tò nínú yúnífọ́ọ̀mù, mo fi ránṣẹ́ sílé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹni tó bá wọlé, wọ́n á ní, “Sójà ni, lọ́hùn-ún.”

Nítorí pé mo mọ ilẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú gbé ọ̀rọ̀ ààbò lé mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé Bàbá kò dúró dáadáa. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń gbin àjàrà síbẹ̀ máa ń la ọ̀nà fún omi lọ́dọọdún. Wọ́n kú, ọmọ wọn wà ní Torino, ọ̀nà omi dí. Omi wá ń wọnú ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí ibi tó ti là lójú ọ̀nà. Mo rí ògiri àjà ilẹ̀ Bàbá tó ti ń fara ti ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ sùn. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ògiri yẹn ti ń fara ti ẹ̀gbẹ́ kan láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Lẹ́yìn náà, òkè kan ya lórí ilé kan ní ìlú tí kò jìnnà sí wa. Frana ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wa, a lọ gbẹ́ ilẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí a gbé jáde. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé nínú ọkọ̀, Bàbá jókòó sí iwájú, èmi wà lẹ́yìn wọn, mò ń wo ọrùn wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí wọn.

Ohun tó mú mi kọ òfin náà nìyẹn. Òfin náà kò gùn: bí wọ́n bá ti kéde allerta arancione, tó túmọ̀ sí pé òjò eléwu ń bọ̀, kí a kó àwọn èèyàn kúrò ní àwọn ilé tó wà lábẹ́ òkè yẹn, kí wọ́n má sì padà síbẹ̀ títí geologo, onímọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba bá rán, yóò fi fọwọ́ sí i pé òkè dúró. “Àwọn ilé” ni mo kọ, bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Mo ka òfin náà fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, “Daddy, ilé Bàbá lẹ ń sọ yìí, àbí?”

“Ilé tó wà ní zona rossa, níbi eléwu, ni mò ń sọ.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún wọn o. Please, ẹ má sọ pé èmi náà mọ̀ sí i.”

Àkọ́bí wa tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè. “E il nonno dove va?” Ó ń béèrè ibi tí bàbá àgbà máa lọ. Mo ní kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀.

Mi ò lè lọ sọ ọ́ fúnra mi. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo báyìí, ọmọdé kì í lọ kò ó lójú àgbà. Àgbà bíi tirẹ̀ là ń rán sí i. Mo wá àgbà. Mo rí ìyá kan tó ti ṣe olùkọ́, tó ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí, tó sì kọ́ wọn ní ABD. Mo ṣàlàyé gbogbo ewu òkè náà fún un, ó gbọ́ ọ yékéyéké, ó mú ọ̀pá, ó lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, oyin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìgò, ó sì sọ fún mi pé òun ti gbọ́ tẹnu Bàbá, Bàbá ló jàre.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, Bàbá wọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ sọ ọmọ wa lórúkọ, wọ́n sì jókòó síwájú pátápátá láàárín àwọn ará ìlú. Mo dìde. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, mo ní kí n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Mo kí Bàbá. Mo ní ìwọ̀nba èèyàn tí mo jẹ́ nílẹ̀ yìí, wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ní ẹni tó gbani sílé ti tó òbí. Mo ní kí wọ́n fi orí jì mí fún ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó gùn díẹ̀. Akọ̀wé gbé kálámù sókè, ó bi mí bóyá gáfárà yẹn wà lára òfin tàbí kò sí lára rẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò, wọ́n pín ọgbọọgba. Ó wá ku èmi. Bàbá ná ọwọ́ sókè, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Sindaco wo ojú mi. Ará ìlú tó wá wòran kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́. Apòògùn ló wá sọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn. Bàbá sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Mo gbé tèmi sókè, òfin sì dúró.

Mo bá Bàbá lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń dé fìlà wọn. Wọ́n ní, “O ti mọ iṣẹ́ náà dáadáa.” Wọn ò bínú sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀ka tí mo gé wò. Ó dùn mí dé egungun. A kì í fi ibi san oore, èmi ni mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹgbẹ́ padà, wọ́n ní kí a fi ẹlòmíràn ṣe ọ̀gá. Tí a bá pàdé ní piazza, wọn yóò yọ fìlà fún mi bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ fún sindaco. Kò sí èébú tó ju ìyẹn lọ.

Ìgbà ìkórè kọjá, òjò dé, wọ́n kéde allerta arancione láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹgbẹ́ wa gbé ọkọ̀ lọ sílé Bàbá. A kan ilẹ̀kùn. Bàbá wà nínú ilé, a ń rí iná sítóòfù wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n sì ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn tó kù wo ojú mi. Ẹni tó ṣòfin ni kó wá sọ̀rọ̀.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá ṣí ilẹ̀kùn tí mo rí bí wọ́n ṣe fá irùngbọ̀n wọn, tí wọ́n sì di táì bí ẹni tí ń retí àlejò, gbogbo èdè Italy tí mo gbọ́ fò lọ lórí mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n kàn ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo nà gbọọrọ, àyà nínú ẹrẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé mo ti dákú. Ìyáàfin kan wà nínú wa tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ. Ẹlòmíràn ti ń ké sínú rédíò pé ẹnì kan ti ṣubú lulẹ̀: “Uomo a terra, uomo a terra.” Mo sọ láti ilẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe mí. Nọ́ọ̀sì ní bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ó fi bébà aláwọ̀ wúrà bò mí, èyí tí wọ́n ń fi bo ẹni òtútù mú, mo wá nà sílẹ̀ níbẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ wọ ààrò.

Bàbá ní, “Kí lò ń ṣe nílẹ̀?”

“Mò ń bẹ̀ yín ni, Bàbá.”

“Títí dìgbà wo?”

“Títí ẹ ó fi ní kí n dìde.”

“Bí mi ò bá wá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ibí yìí ni mo wà.”

Wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mu kọfí àwọn ná, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé agbòjò sí mi lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni òjò ń gbà wá. Nọ́ọ̀sì ń béèrè lọ́wọ́ mi ọjọ́ tí a wà àti ẹni tí í ṣe olórí ìjọba, ó fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi pé. Mo ń dá a lóhùn. Òkè wà lókè wa, mo ń gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú rẹ̀ láti ibi tí etí mi wà lórí ilẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi.

Bàbá jáde pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Wọ́n ní, “Dìde.” Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́: “Ìwọ lo ṣòfin, ìwọ ni kó o tì í.” Mo ti ilẹ̀kùn náà. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ mi ló mú àwọn jáde, kí n má ṣe lọ máa yangàn. Wọ́n ní bí òkè bá ya lóòótọ́, èmi tí mo nà sílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bò.

Òfin mi sọ pé kí comune, ìyẹn ìjọba ìlú, wá ibùsùn fún ẹni tí a bá kó jáde. Èyí tí wọ́n rí wà ní ilé àwọn arúgbó kan ní Asti. Ọkọ̀ ti ń lọ síbẹ̀ nígbà tí mo ní kí awakọ̀ yà sí piazza. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìyàwó mi ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí yàrá ọmọ wa kejì kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sọ fún mi, èmi náà ò sọ fún un. Bàbá gbé báàgì wọn kalẹ̀, wọ́n wo ògiri, wọ́n ní a kùn ún lóde, a ò kùn ún nínú.

Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà náà. Geologo wá, ó wo òkè, ó mi orí, kò fọwọ́ sí i. Ó padà wá lẹ́yìn ìgbà òtútù, ó ní ó lè ya, ó lè má ya. Mo lóye rẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ sí i, òkè ti di tirẹ̀. Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní èdè ìlú náà, èyí tí olùkọ́ wọn kò fẹ́ gbọ́. Tí a bá ti Via Padova, òpópónà kan ní Milan, ra ẹ̀wà àti epo dé, àwọn ló ń bá ìyàwó mi bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, wọ́n sì ń sọ fún un bó ṣe yẹ kó máa ṣe é. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Ohun tí wọ́n ń sọ jù ni àléébù òfin mi.

Òkè ni kò sọ nǹkan kan. Òjò kan dé, ó lọ, òmíràn tó le jù ú lọ dé, ó lọ. Fèrèsé ilé ìdáná wa kọjú sí ibẹ̀, bí Bàbá bá sì ti jí, wọ́n á fa àga síbẹ̀, wọ́n á wo òrùlé wọn. Ó wà níbẹ̀. Ògiri náà ṣì ń fara ti ẹ̀gbẹ́. Ní báà tí wọ́n ti ń mu kọfí, apòògùn ń sọ ọ́ sétí gbogbo ẹni tó wọlé pé ìgbìmọ̀ ti ju arúgbó kan síta nítorí ìwé yunifásítì. Wọn kì í sọ ọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni.

Ohun tó wá ń bà mí lọ́kàn jẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, mo wọ ilé ìdáná láti bu omi, mo rí i pé mo ti dúró sí ojú fèrèsé tó pẹ́, ife ṣófo lọ́wọ́ mi, mò ń wo òkè yẹn, ọkàn mi sì ń sọ pé, ya, jọ̀ọ́, ya. Ilé tí a ti bí ọmọ mi. Ilé ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó ṣí i. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó wó o lulẹ̀ kí n lè jàre. Ojú tì mí, mi ò sì lè dẹ́kun rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé Bàbá wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, “O ń retí kó ya.”

Mi ò lè purọ́ fún wọn. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ má bínú.”

Wọ́n fa àga wọn wá. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n kọjú sí òkè náà.

“Èmi náà ń retí rẹ̀,” ni wọ́n wí. “Bàbá mi ló kọ́ ilé yẹn. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi kú sí. Ṣùgbọ́n bí kò bá ya, wọn yóò máa sọ títí láé pé o ṣìnà, mi ò sì ní sí láyé láti dá wọn lóhùn.”

Mo fa àga kejì, mo jókòó tì wọ́n.